Ìgbà wo ló yẹ ká máa pààrọ̀ ipò táyà ọkọ̀ oníná?

Ní gbogbo 10,000 kìlómítà ni, tàbí nígbà tí jíjìn ilà ojú táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ti fi 1.5 mìlímítà jura wọn lọ, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ohun tí Tesla, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, kọ sínú ìwé ọkọ̀ wọn nìyẹn; bí ìwé ọkọ̀ tìrẹ bá sọ nǹkan míì, òun ni kí o tẹ̀ lé.

Ọkọ̀ oníná sábà máa ń jẹ táyà ju ọkọ̀ elépo lọ. Bátìrì rẹ̀ wúwo, kíá sì ni agbára mọ́tò máa ń dé orí táyà bí o bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò yẹn kan náà ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn kó lè dá iná padà sí bátìrì. Táyà tí mọ́tò ń yí ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Lára Model 3 oní-mọ́tò kan, tó jẹ́ ọkọ̀ Tesla, ti ẹ̀yìn ni.

Táyà tó ní àmì ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò ní apá tó wà: iwájú sí ẹ̀yìn nìkan. Bí ti ẹ̀yìn bá fẹ̀ ju ti iwájú lọ, ìyẹn ò ṣe é pààrọ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn.

Ojú ibi tí wọ́n sàmì sí nìkan ni kí jáàkì wà, kó má bàa tẹ bátìrì fọ́. Nọ́ọ̀tì táyà Model 3 gba 175 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún un le. Bí etí inú táyà nìkan bá ń jẹ, aláìnmẹ́ǹtì (títún ìdúró táyà ṣe kó lè gún) ni kí o lọ ṣe, pípààrọ̀ ipò ò lè wò ó sàn.