Egbò iṣẹ́ abẹ ìyá wa kò jinná: ṣé ká ra abẹ́rẹ́ tó le jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà gbé ìyá wa ṣubú, ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irin ni wọ́n fi di eegun náà. Egbò ń ṣe ọyún, wọ́n gba abẹ́rẹ́ títí, kò gbọ́. Dókítà ti ní kí wọ́n gbé ọyún náà lọ sí láàbù, pé èsì lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì wọn sí kọ̀rọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ò sì fọwọ́ kàn wọ́n láìwọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara ìyá ti mọ oògùn, pé oníkẹ́mísì kan ní Takie ní abẹ́rẹ́ tó le ju èyí lọ. Ṣé ká rà á? Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ wọn lè máa wá kí wọn?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ láàbù: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra abẹ́rẹ́ yẹn.

Kì í ṣe ara ìyá ló mọ oògùn. Kòkòrò àìfojúrí inú egbò ni oògùn ò ràn mọ́. Bí oògùn apakòkòrò bá wọlé, àwọn tí kò lágbára á kú, àwọn tó lè fara dà á á ṣẹ́kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Alexander Fleming, ẹni tó rí pẹnisílìn ní 1928, ti kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti 1945: bí ìlò rẹ̀ ò bá tó, kòkòrò á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara dà á. Ilé ìwòsàn ló sì ti ń burú jù, torí ibẹ̀ ni apakòkòrò ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí egbò, dírípù àti rọ́bà ìtọ̀ sì ń fún kòkòrò láyè láti wọ ara.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta náà wà fún. Bí òwú tí wọ́n fi nu egbò bá dé ọwọ́ wa, a ó fi pa ojú abọ́ pẹlẹbẹ kan tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru bí ara ènìyàn di ọjọ́ kejì. Nígbà yẹn kòkòrò á ti hù débi tí ojú lè rí i. Ó lè jẹ́ Staphylococcus aureus, tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn dá ń gbé kiri nínú imú. Ó lè jẹ́ Klebsiella tàbí Pseudomonas. A ó tẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, a ó to bébà róbótó kéékèèké sí i lójú, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, bébà tí oògùn rẹ̀ bá ràn án, ojú mímọ́ gaara á yí i ká, kòkòrò ò ní lè hù débẹ̀. Èyí tí kò bá ràn án, kòkòrò á hù dé etí bébà náà gan-an. A máa ń fi rúlà wọn ojú mímọ́ yẹn. Mo ti rí abọ́ tó jẹ́ pé bébà kan ṣoṣo ló mọ́ yí ká nínú gbogbo ohun tí a tò síbẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní alágbára. Kò sí oníkẹ́mísì tó lè fojú lásán mọ èyí.

Bí dókítà bá fún wọn ní oògùn kí èsì tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ó lè yí i padà bí èsì bá dé. Bí ara wọn bá ń gbóná, tí wọ́n ń mí gúlegúle, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dà rú lẹ́nu wọn, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de èsì kankan. Kí ẹ sì mọ̀ pé kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ irin. Wọ́n lè ní láti tún ṣí egbò náà fọ̀, torí oògùn nìkan lè má ká a.

Gbogbo oògùn tí ìyá ti lò, ẹ kó páálí wọn sínú ọ̀rá kan, ẹ fi han dókítà, títí kan ti kẹ́mísì àti àgbo. Apakòkòrò tí wọ́n lò kí a tó gba ọyún lè má jẹ́ kí kòkòrò hù nínú abọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà nínú egbò. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má tú kápúsù Ampiclox tàbí tẹtra sójú egbò. Àṣà yìí pọ̀ láàárín wa, ó sì ń dùn mí.

Ti kọ̀rọ̀ tí wọ́n sún wọn sí, kì í ṣe ìtìjú. Ọwọ́ ló sábà máa ń gbé kòkòrò yìí láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60 kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyá àti lẹ́yìn rẹ̀; bí ọwọ́ kò bá ní ìdọ̀tí, sánítáísà fún 20 sí 30 tó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará ilé máa ń bá aláìsàn ẹ̀gbẹ́ yín gbé omi, ẹ ń bá wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ tí ara wọn le lè wá fún ìgbà díẹ̀ bí nọ́ọ̀sì bá gbà, kí wọ́n ṣáà fọwọ́. Ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ní egbò lára, ẹ fi wọ́n sílé. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá fẹ́ ṣí egbò, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti fọwọ́?”

Bí èsì bá jáde, ẹ bi dókítà ní orúkọ oògùn àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi lò ó, kí ẹ sì rà á pé. Ẹ gba ẹ̀dà èsì náà, ẹ fi sínú káàdì wọn, kí ilé ìwòsàn mìíràn tí wọ́n bá lọ lè rí i.