Bí wọ́n bá kọ ìbò Bàbá ní Texas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ ní Bàbá gbà yẹn, pé nọ́ńbà ara àpòòwé ìbò wọn kò bá àkọsílẹ̀ mu, irú rẹ̀ gan-an ló dé ilé wa ní 2022. Ìbò náà kò tíì sọnù. Ọjọ́ ló kù tí ẹ ń bá du.

Màmá mi ti lé ní ọdún 65, ìdí nìyẹn tí òfin Texas fi gbà kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n dìbò, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin SB 1 tí wọ́n ṣe ní 2021 ní kí olùdìbò kọ nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ sára àpòòwé, tàbí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn Social Security rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn) bí kò bá ní ìwé ìwakọ̀. Abẹ́ ìdérí tí wọ́n ń lẹ̀ pa ni àyè rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ò rí i rárá. Nínú ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹta ọdún 2022, ìwé ìdìbò tí wọ́n kọ̀ lé ní 24,000, bí ìdá 12 nínú 100 gbogbo èyí tó wá láti ilé.

Màmá tiwa rí àyè náà o. Wọ́n kọ̀ láti kọ ọ́ ni! Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa ọmọ la ti kì wọ́n nílọ̀ títí pé ẹni tó bá ti béèrè Social wọn, ọmọ Yahoo ni. Wọ́n bá fa ìlà gbọọrọ sí i.

Nígbà tí lẹ́tà dé, mo sáré kọ nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ wọn sínú fọ́ọ̀mù àtúnṣe, Màmá fọwọ́ sí i, a fi ránṣẹ́. Kò tún wọlé. Nígbà tí wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, Social nìkan ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, wọn ò tíì ní ìwé ìwakọ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ẹ kọ méjèèjì. Ohun tí mo ì bá ti ṣe nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ọjọ́ ìdìbò ni òpin àtúnṣe. Bó bá ti súnmọ́ ọn, ẹ má fi fọ́ọ̀mù lé ẹni tó ń gbé lẹ́tà lọ́wọ́ mọ́. Ẹ lè tún nọ́ńbà ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń jẹ́ kí èèyàn tọpa ìbò rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé Bàbá lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò káúńtì yín. Ọ́fíìsì ni mo gbà yín nímọ̀ràn. Bó bá jẹ́ ìfọwọ́sí ni wọ́n gbàgbé, tàbí tó yàtọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi tọrọ ìwé ìdìbò, wọ́n lè tún un ṣe níbẹ̀ náà. (Ọwọ́ àgbà ń gbọ̀n, ẹ má bá wọn fọwọ́ sí i o! Bí ẹ bá sì bá wọn kọ nǹkan kan, orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọ́dọ̀ wà lára àpòòwé.) Èyí tó bá pẹ́ dé kò ní àtúnṣe.

Ọjọ́ karùn-ún la dé ọ́fíìsì. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo fọ́ọ̀mù bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ òun, wọ́n ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ọmọ wọn gan-an ò gbọdọ̀ rí i. Lọ́jọ́ kejì, mo wò ó lórí fóònù: wọ́n ti gba ìbò náà wọlé. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣé wọn ò tíì kó owó mi ní báńkì?"