Àyè ọfọ̀ ìpele 3 kò sọ yín di Wizard ìpele 5

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. D&D là ń ṣe, Dungeons & Dragons, eré ìtàn orí tábìlì tí a fi dáìsì ń ṣe. Ẹ̀dá-ìtàn mi ti dé ìpele 5, kíláàsì méjì (iṣẹ́ tó yàn) ló sì ní: Wizard (oṣó) 3, Cleric (àlùfáà) 2. Fídíò kan ni mo wò tí wọ́n ti ní kò sóhun tó lágbára tó àpapọ̀ yìí, pé ó ń wo ọgbẹ́ sàn, ó sì ń ju iná. Mo wo àtẹ inú ìwé, mo sì rí i pé mo ní spell slot ìpele 3 méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ ju Fireball, ọfọ̀ iná ńlá, DM wa (ẹni tó ń darí eré) kọ̀ jálẹ̀, ó ní mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, mo fẹ́ fi ìdáhùn yín hàn án. Ẹ sì bá mi wò ó bóyá kí n fi Fighter (jagunjagun) ṣe kíláàsì kẹta.

Ìdáhùn: DM yín ló jàre. Ẹ fi ìdáhùn yìí hàn án bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ ló máa dùn.

Mi ò bínú sí yín o. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn ni mò ń bínú sí, torí irú ìbéèrè yìí ti wá sọ́dọ̀ mi lóríṣiríṣi aṣọ, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń wá: ẹnì kan jókòó, ó to nọ́ńbà jọ, ó ní òun ti rí ẹ̀dá-ìtàn tí kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun, kò sì ka òfin dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, òun náà ni “ìpele”. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni eré yìí ń pè bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìpele ẹ̀dá-ìtàn, àròpọ̀ gbogbo ibi tí ẹ ti gùn dé. Tiyín jẹ́ 5. Ìkejì ni ìpele kíláàsì. Ẹ ní 3 nínú Wizard àti 2 nínú Cleric, ẹ ò sì ní 5 nínú ohunkóhun. Ìkẹta ni ìpele ọfọ̀, tó ń sọ bí ọfọ̀ ṣe wúwo tó, láti 0 dé 9. Ọfọ̀ ìpele 3 kì í ṣe ti Wizard ìpele 3. Wizard ìpele 5 ló ń mọ̀ ọ́n. Ó rúni lójú, mo gbà, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gary Gygax, tí òun àti Dave Arneson gbé eré yìí jáde ní 1974, kọ ọ́ sínú ìwé òfin ti 1978 pé wọ́n ti rò ó láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ká ní wọ́n yí i padà nígbà yẹn ni, mi ò bá ti máa sinmi báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí spell slot, tí mo máa pè ní àyè ọfọ̀. Àyè ọfọ̀ kì í ṣe ọfọ̀. Agbára tí ẹ fi ń pe ọfọ̀ ni. Àpò ńlá kì í sọ ẹni di olówó. Ohun tí ẹ bá ní náà lẹ máa kó sínú rẹ̀.

Bí èèyàn bá da kíláàsì pọ̀, òfin ní kí a ro ìpele Wizard, Cleric, Druid, Bard àti Sorcerer pọ̀ láti mọ iye àyè ọfọ̀ tó ní. (Warlock ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Paladin àti Ranger, ìdajì ni wọ́n ń mú wá, ẹ wo ìwé tí ẹ ń lò, torí bí wọ́n ṣe ń ka ìdajì náà nínú ìwé òfin ti 2014 yàtọ̀ sí ti 2024.) Tiyín jẹ́ 3 àti 2, ó di 5. Ìlà karùn-ún nínú àtẹ náà fún yín ní àyè 4 fún ìpele 1, 3 fún ìpele 2, àti 2 fún ìpele 3. Ibẹ̀ lẹ kà dé, ẹ ò sì ṣì í kà. Ibi tí ẹ fò ni ìpínrọ̀ tó sọ pé ọfọ̀ tí ẹ mọ̀ tàbí tí ẹ lè múra sílẹ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan lẹ máa wò ó fún, bí ẹni pé kíláàsì yẹn nìkan lẹ ní láyé. Wizard 3 tó dá wà kò lè kọjá ọfọ̀ ìpele 2. Cleric 2 tó dá wà kò lè kọjá ìpele 1. Ìpele 3 ni Fireball. Níbo ló ti máa gbà wọlé?

Àyè ìpele 3 yẹn wúlò o. Ẹ lè fi pe ọfọ̀ kékeré, kí ó sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú Shatter, ọfọ̀ ìpele 2: ìpalára 3d8 ló ń ṣe, ìyẹn dáìsì olójú mẹ́jọ mẹ́ta, bí ẹ bá fi àyè ìpele 3 pè é, ó di 4d8, ìyẹn 18 ní ìwọ̀n àárín, láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ibi tó bú sí. Ẹ wá wo Fireball tó jẹ àyè kan náà: 8d6, 28 ní ìwọ̀n àárín, ẹsẹ̀ bàtà 20 yíká. Owó kan náà lẹ san, ọjà ọ̀tọ̀ lẹ gbà. Ohun tí fídíò yẹn kò sọ fún yín nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: rárá, ẹ ò lè da Fireball kọ sínú ìwé ọfọ̀ yín bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ Wizard mìíràn. Èyí tí ẹ bá lè múra sílẹ̀ nìkan lẹ lè kọ sínú rẹ̀. Scroll ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ìwé kíká tí wọ́n ti kọ ọfọ̀ sí, torí Fireball wà lára ọfọ̀ Wizard. Ṣùgbọ́n ó ju agbára yín lọ, nítorí náà ẹ máa ju d20, dáìsì olójú ogún, ẹ máa fi àfikún Intelligence (ọgbọ́n orí) yín kún un, ó sì gbọ́dọ̀ pé 13. Bí Intelligence yín bá jẹ́ 16, ẹ ń fi 3 kún un, ẹ nílò 10 sókè lórí dáìsì: 55 nínú 100. Bí ẹ bá kùnà, ìwé náà di òfìfo.

Mo ti dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Ohun tí ẹ ò béèrè ló wá ń dùn mí jù, ìyẹn èrò pé bí kíláàsì bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, ẹ̀yin sì ti ń wo ẹ̀kẹta. Bí wọ́n ṣe to eré yìí, ohun tó dára jù kì í sí ní ìpele 1 tàbí 2 kíláàsì. Ìpele 4 àti 5 ló ń gbé e sí. Ní ìpele 4 kíláàsì, kì í ṣe ti ẹ̀dá-ìtàn, lẹ máa fi 2 kún Intelligence yín. Ẹ ti dé ìpele 5, ẹ ò tíì rí i gbà. Wizard 5 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín ti ní 18 níbi tí ẹ ní 16: dáìsì ọ̀tá rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 15 kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ ọfọ̀ rẹ̀, tiyín 14. Fighter ìpele 5 ń lu ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣísẹ̀ kan. Fighter 3, Ranger 2 ń lu ẹ̀ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń pe ara rẹ̀ ní ìpele 5.

Èmi náà ti ṣe é rí. Fighter 1, Rogue 1, Wizard 1, Bard 1, mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí àwọn yòókù ń gba ohun ìpele 4 tiwọn, èmi ń ka ìwé bóyá mo máa rí nǹkan kan gbà. Mi ò rí nǹkan kan.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má da kíláàsì pọ̀ mọ́. Ìpele Cleric kan fún Wizard ní ọgbọ́n nínú: ó fún un ní ẹ̀wù ogun tó dára díẹ̀ àti asà, ó fún un ní ọfọ̀ ìwòsàn, kò sì dín àyè ọfọ̀ rẹ̀ kù. Ká ní Wizard 4, Cleric 1 lẹ kọ sí mi, ọ̀rọ̀ mi ì bá rọ̀ ju báyìí lọ. Ìpele Cleric kejì yẹn ni mi ò rí ìdí rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ pé ìtàn ẹ̀dá yín ló béèrè fún un. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbọ́ tèmi. A kì í fi ìṣirò bá ìtàn jà.

Ohun mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ fídíò ń fi bò yín lójú ni pé ẹ̀dá-ìtàn ìpele 20 ni wọ́n máa ń fi hàn, níbi tí gbogbo èlò ti pé. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ eré ló ń tú ká kó tó débẹ̀. Ìpele tí ẹ wà lọ́sẹ̀ yìí lẹ máa kọ́lé lé.

Fighter kẹ̀? Ẹ má ṣe é. Ó tún fẹ́ 13 nínú Strength (agbára ara) tàbí Dexterity (ìyára), bẹ́ẹ̀ Wizard àti Cleric ti gba 13 nínú Intelligence àti Wisdom (òye). Bí ẹ bá fi póíǹtì 27 ra nọ́ńbà yín, 13 mẹ́ta nìkan ti jẹ 15 níbẹ̀. Action Surge tí gbogbo èèyàn ń lé, agbára Fighter láti tún ṣe nǹkan kan sí i ní ìṣísẹ̀ rẹ̀, òfin 2024 kò gbà kí a fi pe ọfọ̀ mọ́. Tí ẹ bá sì ṣe é débẹ̀, Wizard 3, Cleric 2, Fighter 2, ẹ dé ìpele 7 láìní Fireball, nígbà tí Wizard 7 ti ń fi Polymorph sọ ọ̀tá di àkèré.

Ẹ padà sí Wizard. Ìpele tó kàn máa fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ pàdánù, èyí tó tẹ̀ lé e máa fún yín ní Fireball. Òfin ẹ̀dà karùn-ún, 2014 àti 2024, ni mo fi dáhùn. Bó bá jẹ́ Pathfinder, eré mìíràn tó jọ ọ́, lẹ ń ṣe, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà da kíláàsì pọ̀ níbẹ̀, kò kan èyí. Mi ò sì sí nídìí tábìlì yín. Bí DM yín bá ní òfin tirẹ̀, tirẹ̀ ló lékè. Bó bá lè gbà kí ẹ tún ẹ̀dá-ìtàn yín tò, ẹ lọ bá a kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láàárín ìjà, kì í sì ṣe pẹ̀lú fídíò lọ́wọ́.