Kì í ṣe awò orí ìbọn ló ń mú ọ tàsé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Mo ra ráífù .30-06 láti fi dẹ àgbọ̀nrín, mo sì de awò olówó ńlá mọ́ orí rẹ̀. Ní 100 yáàdì, bí mo bá yin ọta 5, wọn a fọ́n káàkiri bébà tí mo ń yìnbọn sí, ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ń bọ́ sí. Mo máa ń sé èémí, màá sì dúró títí àmì inú awò yóò fi wà láàárín bébà gan-an kí n tó fa tírígà. Awò wo ni kí n rà? Ẹnì kan tún ní òun lè fi ọṣẹ atamátàsé ránṣẹ́ sí mi láti ilé.

Ìdáhùn: Àbúrò, má ra awò kankan, má sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́ṣẹ yẹn. Wọ́n ti bi mí ní ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí títí ó fi sú mi, ó sì ń bí mi nínú pé wọ́n ń fi orúkọ ọdẹ lu ọmọ wa ní jìbìtì. Àwọn ọdẹ tó gbówọ́ nílé mọ ipa ẹran, wọ́n mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wọn a sì yọ́ lọ títí ẹran yóò fi wà nítòsí ṣakabùlà wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nìyẹn.

Ní ti awò, yẹ àwọn ìdè rẹ̀ wò bóyá wọ́n tú. Bí wọ́n bá le dáadáa, fi í sílẹ̀. Awò tí a kò tíì tún ojú rẹ̀ ṣe máa ń kó ọta jọ sójú kan tí kì í ṣe àárín. Tìrẹ ń fọ́n ká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni èyí tí o sọ kọjá: pé o máa ń dúró títí àmì yóò fi wà láàárín gan-an. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Kò sí ènìyàn alààyè tí ìbọn dúró gbagidi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn ń lù, iṣan ń gbọ̀n. Àwọn tó ń yin ráífù atẹ́gùn ní ìdíje Olympics, lórí ìdúró, ní mítà 10, ojú ibi tó ní máàkì 10 nínú ohun tí wọ́n ń yìn sí fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà péré, síbẹ̀ ìbọn ń mì lọ́wọ́ tiwọn náà. Wọ́n kọ́ bí mímì náà ṣe máa kéré, wọ́n sì kọ́ bí ìka ṣe máa tẹ tírígà láìfi kún un.

Bí o bá ń ṣọ́ ìṣẹ́jú àáyá tí àmì yóò bọ́ sáàárín, ńṣe ni wàá já tírígà lójijì. Gbogbo ọwọ́ á fún, èjìká á ti síwájú de ìgbápadà ìbọn, ojú á dì. Ẹnu ìbọn á sì bẹ́ wálẹ̀. Ìdí tí ọta rẹ fi ń lọ sísàlẹ̀ nìyẹn, bí mo ṣe rò ó láìtíì fojú rí ọ. Má dá ìgbápadà fúnra rẹ̀ lẹ́bi: kí ara rẹ tó mọ̀ pé ìbọn ti dún, ọta ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìjayà tó ṣáájú ìró ló ń bà á jẹ́.

Nítorí náà, jẹ́ kí àmì inú awò máa mì díẹ̀ láàárín, kí o máa fi kún agbára ìka ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ìbọn yóò fi dún láìjẹ́ pé o mọ ìgbà gan-an. Lẹ́yìn tó bá dún, má tètè gbé orí. Èémí náà, má sé e pa: mí síta, kí o yìnbọn níbi tí èémí ti sinmi fúnra rẹ̀. Bí o bá pẹ́ jù, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mú ìka kúrò, kí o tún un bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ rí àrídájú, lọ sí pápá ìyìnbọn pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́. Kí ó máa bá ọ ki ìbọn, kí ó máa fi ọta tí kò ní ẹ̀tù há àárín àwọn ti gidi láìsọ fún ọ. Nígbà tí ìbọn kò bá dún, wàá fojú ara rẹ rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń bẹ́ wálẹ̀.

Nílé, máa fa tírígà ìbọn òfìfo ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o: kí ọta kankan má sí nínú yàrá náà rárá, yẹ inú ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí ọta kò lè gbà kọjá. Ka ìwé tó bá ìbọn rẹ wá pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ráífù .22, èyí tí ọta rẹ̀ kéré, ni irú fífà bẹ́ẹ̀ lè bà jẹ́. Owó awò yẹn, fi ra .22 kan àti ọta rẹ̀. Kì í gbá èjìká, ọta rẹ̀ kò wọ́n, ìka rẹ á sì kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ kí o tó padà sórí .30-06.

Ní Texas, ẹni tí a bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìjọba là sílẹ̀. Bí o kò bá tíì ṣe é, ìyẹn ló kàn. Ohun tí mo kọ yìí kò lè rọ́pò olùkọ́ tó dúró tì ọ́.

Nígbà tí ọta 5 bá ti ń kóra jọ sójú kan, yálà ó wà láàárín tàbí kò sí níbẹ̀, ìgbà náà ni kí o fọwọ́ kan bọ́tìnnì awò. Lórí ọ̀pọ̀ awò Amẹ́ríkà, bí o bá ń yí bọ́tìnnì náà, ìró “kẹ́” kan máa ń sún ibi tí ọta ń bọ́ sí tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ní 100 yáàdì. Títí di ìgbà náà, má yin àgbọ̀nrín kankan, kí o má bàa ṣá a lọ́gbẹ́ lásán.