Níbo ni mo ti lè rí fíùsì olówó pọ́ọ́kú fún mítà tí mo fi ń wọn iná?

Ó dá lórí irú mítà tí ẹ ní. Bó bá jẹ́ DT830 kékeré yẹn, fíùsì onígíláàsì 5 × 20 mm ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára èyí tó jó, kí ẹ béèrè irú rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò ní Alaba. Kò wọ́n rárá.

Ti mítà Fluke 87V ló ń gbówó lọ́wọ́ èèyàn. Méjì ló ń lò, 11 A àti 440 mA, 1000 V sì ni àwọn méjèèjì. Iyanrìn wà nínú wọn tó ń pa iná tó bá fẹ́ ṣẹ́ nígbà tí fíùsì bá já; ohun tó mú wọn wọ́n nìyẹn. Ẹ má fi orúkọ Fluke wá a. Bussmann ló ń ṣe DMM-B-11A àti DMM-B-44/100; ẹ wá nọ́ńbà wọ̀nyí ní Mouser tàbí DigiKey, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi iye owó wọn wé ti SIBA, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe fíùsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fíùsì onígíláàsì tàbí wáyà dípò wọn láé. Mítà lè bú gbàmù mọ́ yín lọ́wọ́.