Oríkèé ni kí ẹ wò, kì í ṣe inú èdè

Ìbéèrè tó wá láti Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ nìyí, kí ẹlòmíràn tó bá ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Iléṣà máa ń fi àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù ránṣẹ́ láti inú Excel sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ifẹ̀. Script Bash ló ń gbà á wọlé, Python ń tún un ṣe, R ń ṣírò èlé, ètò kékeré kan tí wọ́n fi C kọ ń pín èrè, Python yóò wá kó gbogbo rẹ̀ sínú JSON (irú fáìlì tí JavaScript lè kà) kí JavaScript lè gbé e sójú ìwé. Lórí laptop ẹni tó kọ ọ́, kò sí wàhálà. Lórí kọ̀ǹpútà Ubuntu tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ẹgbẹ́ kan ń di méjì, òdo iwájú nọ́ńbà fóònù ń sọnù, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ara rẹ̀ lóru kò sì ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí error kankan lójú. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ fi Python nìkan tún un kọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tíì dà á nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí èdè márùn-ún bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí àìsàn wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Oríkèé ló máa ń wà, níbi tí ọ̀kan ti ń gbé nǹkan lé èkejì lọ́wọ́. Ohun tí Python pè ní nọ́ńbà kọ́ ni C pè ní nọ́ńbà, ohun tí Excel sì pè ní òpin ìlà kọ́ ni Bash pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń kọjá ní oríkèé kọ̀ọ̀kan di fáìlì tí ojú lè rí. `tee` ló ń ṣe é:

python3 tunse.py < owo.csv | tee /tmp/o1.csv | Rscript ele.R > /tmp/o2.csv

Ẹ fi owo.csv kan náà ṣe é lórí laptop, ẹ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi `cmp` wé o1 méjèèjì, lẹ́yìn náà kí ẹ wé o2. Oríkèé tí ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ yọjú ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ títí èyí yóò fi tọ́, torí ohun tó bá bàjẹ́ lókè yóò ṣàn dé ìsàlẹ̀, ẹ ó sì máa tún R ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Excel. Gbogbo ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tí ẹ bá fẹ́ kó jáde, ẹ jẹ́ kó gba stderr, ọ̀nà ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó yàtọ̀ sí èyí tí | ń gbé kọjá: `print(x, file=sys.stderr)` ní Python, `message()` ní R, `console.error()` ní JavaScript. Bí ẹ bá fi `print` lásán sáàárín, ọ̀rọ̀ yẹn yóò bọ́ sínú CSV (fáìlì tábìlì tí kọ́mà pín òpó rẹ̀) tí R fẹ́ kà, àìsàn kejì yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń wo ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ dúró lé jù, nítorí àwa tí à ń kọ Yorùbá ló máa ń bá fínra, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Python kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tí a fi lè kọ lẹ́tà wa ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wo "ẹ": ó lè jẹ́ U+1EB9 kan ṣoṣo (nọ́ńbà tí Unicode, ìlànà òǹkà lẹ́tà gbogbo àgbáyé, fún un), ó sì lè jẹ́ "e" lásán tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀lé. Tí ohùn bá tún wá sí orí rẹ̀, Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ̀". Dandan ni kí àmì ohùn U+0300 dúró lọ́tọ̀. Keyboard kan ń tẹ irú èkíní, òmíràn ń tẹ irú èkejì, ojú kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ fi "Ifẹ̀" dán an wò. Ojú rí lẹ́tà mẹ́ta. `len()` ti Python yóò sọ pé 4 bí wọ́n bá kọ ọ́ ní irú èkíní, 5 bí ó bá jẹ́ irú èkejì tí gbogbo àmì ti dá dúró. `strlen()` ti C, byte (ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́) ló ń kà ní tirẹ̀, yóò sì sọ pé 7 fún méjèèjì. Ẹni tó bá fi C ṣe àyẹ̀wò yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nígbà tí `==` ti Python ń sọ pé rárá. "Iléṣà" kò rí bẹ́ẹ̀: Python yóò ní 5 tàbí 8, C yóò ní 9 tàbí 11. Ìdí nìyí tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ń di méjì. Kò sí kóòdù tó ya wèrè níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni kó wà, kí orúkọ tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni (NFC inú rẹ̀ ni ìlànà Unicode tó ń sọ irú méjèèjì di ọ̀kan):

import unicodedata
def tun_oruko(s):
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    return " ".join(unicodedata.normalize("NFC", s).split())

Ẹ má yọ ìlà `replace` yẹn kúrò. Àwọn kan kì í fi àmì kíkán (dot, U+0323) sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ìlà kékeré tó wà ní òró, U+0329, ni wọ́n ń lò. NFC kò ka èyí sí ọ̀kan náà pẹ̀lú àmì kíkán, yóò fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹnì kan bá sì tẹ "é" kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, NFC fúnra rẹ̀ ni yóò tò ó padà. `split()` ń kó àlàfo tó pọ̀ jù kúrò, títí kan U+00A0 tó jọ àlàfo lásán lójú.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ kúkú bọ́ gbogbo àmì kúrò lórí orúkọ kó lè rọrùn. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ, àti pé ọ̀rọ̀ méjì tí ohùn nìkan ló yà wọ́n yóò di ọ̀kan mọ́ yín lọ́wọ́. Bí akọ̀wé bá fi àmì sí i lóṣù yìí tí kò fi sí i lóṣù tó ń bọ̀, NFC kò lè gbà yín. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ máa fi so ìlà pọ̀ láti fáìlì dé fáìlì. Ojú nìkan ni orúkọ wà fún.

Ẹ sọ fún akọ̀wé ní Iléṣà pé nígbà tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ pamọ́, "CSV UTF-8" ni kó yàn, kì í ṣe "CSV" lásán. CSV lásán yóò sọ ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà mọ́. UTF-8 ti Excel náà ní tirẹ̀: byte mẹ́ta, EF BB BF, máa ń wà níwájú fáìlì. Ẹ ó rí wọn bí ẹ bá tẹ `head -c 3 owo.csv | xxd`. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ orúkọ òpó àkọ́kọ́, Python yóò sì pariwo KeyError lórí òpó tí ẹ ń fi ojú yín rí. `open("owo.csv", encoding="utf-8-sig", newline="")` ló ń gbé wọn kúrò. Tí ẹ bá ń gba stdin (ohun tí wọ́n tì wọlé fún Python láìsí orúkọ fáìlì), `sys.stdin.reconfigure(encoding="utf-8-sig")` ni.

Òpin ìlà tún wà níbẹ̀. Fáìlì láti Windows máa ń fi \r síwájú \n. `cat -A owo.csv` yóò fi hàn bíi ^M$. `read` ti Bash yóò fi \r sílẹ̀ lára òpó tó kẹ́yìn, iye tó wà níbẹ̀ kò sì ní bá ohunkóhun dọ́gba mọ́. Tó bá jẹ́ script fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣí lórí Windows, ẹ ó rí `'bash\r': No such file or directory`. `sed -i 's/\r$//' oru.sh` parí ìyẹn. Bákan náà, ẹ má gba kóòdù láti inú Word: ó máa ń yí " padà sí “ àti ”, èdè kankan nínú àwọn tí ẹ ń lò kò sì gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe nọ́ńbà. Ohun tí a kò ní rò pọ̀, tí a kò ní yọ kúrò lára òmíràn, ọ̀rọ̀ ni. Excel ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ òdo, nítorí náà kí akọ̀wé sọ òpó yẹn di Text kó tó tẹ ohunkóhun sí i. Tí ẹ bá ń fi pandas (àkójọ irinṣẹ́ Python fún tábìlì) kà á, ẹ kọ `dtype=str, keep_default_na=False`; láìsí èyí, àyè kan ṣoṣo tó bá ṣófo yóò sọ gbogbo òpó di float (nọ́ńbà tó ní point), `.0` yóò sì hù sí ìdí nọ́ńbà gbogbo. Ní R, `colClasses="character"` ni. Nọ́ńbà àkáǹtì onídíjíìtì mẹ́wàá náà lè fi òdo bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó ni ibi tí C ti léwu jù. Ẹ fi kọ́bọ̀ kà á, ní odidi, kì í ṣe náírà tó ní point, torí 0.1 + 0.2 nínú Python, R àti JavaScript kì í ṣe 0.3 gan-an. Ṣùgbọ́n `int` ti C lórí kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò lè kọjá 2147483647. Ní kọ́bọ̀, ₦21,474,836.47 nìyẹn. Àpapọ̀ owó ẹgbẹ́ lè kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, iye tí yóò jáde yóò wá di gbèsè láìsí ìkìlọ̀. `int64_t` ni kí ẹ lò, kí ẹ sì sọ ọ́ fún Python pẹ̀lú:

lib = ctypes.CDLL("./libpin.so")
lib.pin.argtypes = [ctypes.c_int64, ctypes.c_int64]
lib.pin.restype = ctypes.c_int64

Tí ẹ kò bá sọ `restype`, `int` ni ctypes (ohun tí Python fi ń pe C) yóò gbà pé ó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ double (nọ́ńbà tó ní point) ni C dá padà, pàǹtí ni ẹ ó rí. Ẹ tún ṣọ́ pípín fún ẹni tó jẹ gbèsè: -7 pín sí 2 jẹ́ -3 ní C, ó jẹ́ -4 ní `//` ti Python àti `%/%` ti R. Ẹ yan èdè kan tí yóò máa ṣe pípín, kí ìyókù gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti JavaScript, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ méjì: oṣù January jẹ́ 0 nínú `Date`, àti pé Python lè kọ NaN (“kì í ṣe nọ́ńbà”) sínú JSON, tí `JSON.parse` yóò sì kọ̀ ọ́. Ẹ fi `allow_nan=False` sínú `json.dumps`, kí ariwo wá láti ọ̀dọ̀ Python níbi tí ẹ ti lè tún un ṣe.

Ó ku iṣẹ́ òru. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ní ìdí. Bí àṣẹ bá so mọ́ra pẹ̀lú |, ti ìkẹyìn nìkan ni Bash máa ń ka èsì rẹ̀. Python lè kú láàárín, kí ìkẹyìn ṣe dáadáa, kí gbogbo rẹ̀ dàbí ẹni pé ó yege. Ẹ kọ `#!/usr/bin/env bash` sórí ìlà àkọ́kọ́, `set -euo pipefail` sórí èkejì, kí script lè dúró bí ọ̀kan bá kú. Nọ́ńbà èsì náà ń sọ̀rọ̀: 127, kò rí àṣẹ náà, 126, ó rí i ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti ṣí i, 137, wọ́n fipá pa á, ìrántí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń tán, 139, C fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Cron, tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí ẹ bá dá fún un, kò mọ PATH yín, ìyẹn àkójọ àpò tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ. /usr/bin àti /bin ló sábà mọ̀, inú home ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ̀nà fáìlì gbogbo láti /. Ẹ fi `export LANG=C.UTF-8` sínú script, nítorí R tí kò bá rí i lè máa kọ `<U+1EB9>` sí ibi tó yẹ kí "ẹ" wà. Kí ìlà crontab (fáìlì tí cron ń kà) rí báyìí:

30 2 * * * /home/egbe/bin/oru.sh >> /home/egbe/oru.log 2>&1

Àmì % nínú crontab túmọ̀ sí ìlà tuntun; \% ni kí ẹ kọ. Ẹ sì bi ara yín bóyá iná wà ní ago méjì ààbọ̀ òru. Cron kì í padà ṣe iṣẹ́ tó kọjá nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní pípa. Systemd timer (aago iṣẹ́ mìíràn lórí Ubuntu) tí ẹ kọ `Persistent=true` sí yóò ṣe é nígbà tí iná bá dé. Iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ máa ń fi JSON ìlàjì sílẹ̀: ẹ kọ ọ́ sí esi.json.tmp, kí ẹ tó `mv` rẹ̀ sí esi.json nínú àpò kan náà, ojú ìwé yóò rí ti àná tàbí ti òní ní odindi.

Kí ẹ tó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣe owo.csv kékeré onílà márùn-ún: "Ifẹ̀" irú èkíní, "Ifẹ̀" irú èkejì pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, nọ́ńbà fóònù tó fi òdo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyè kan tó ṣófo, ẹni tó jẹ gbèsè kọ́bọ̀ méje, àti ẹni tó ní ₦22,000,000. Ẹ fi ọwọ́ ṣírò èsì rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì, kí script fi `cmp` wé e ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ohunkóhun padà.