Mẹ́fà ń lọ sí Ẹdẹ, ẹnì keje ńkọ́?

"Ọmọ Àgọ́", ẹni ọdún 48 láti Ìbàdàn, kọ̀wé pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ ń lọ sí kámpù R.A. (Royal Ambassadors, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin) ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ẹdẹ lọ́mọdé fẹ́ tún pàdé níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kánádà ní òtẹ́ẹ̀lì ní Òṣogbo lòun máa sùn; àwọn yòókù ní àfi kí wọ́n tẹ́ ẹní bíi tàtijọ́. Ó ní kí n bá wọn dá sí i kó má baà dìjà.

Ọmọ Àgọ́, ẹ sùn síbi tó bá wù yín. Ti ẹnì keje ni mo fẹ́ bi ọ́.

Ojú ewé kan gbáko lo fi sọ ti gààrì tí ẹ̀yin méje jọ ń mu nínú abọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá paná, ẹni tó ń jí ṣúgà, ẹni tó ń sunkún ilé, àti bí okùn àgọ́ ṣe tú lóru òjò. Ó dùn ún kà. Nígbà tó wá kan ẹni tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlà kan péré lo ní fún un, o sì tún fi àkámọ́ há a mọ́: pé ẹ dá owó fún un nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, pé lẹ́yìn ìsìnkú ẹ "kàn ní kó ṣàlàyé bó ṣe ná an", pé ó bínú kúrò lórí WhatsApp, "nítorí náà mẹ́fà ni wá báyìí".

Ìsìnkú ta ni? O ò tiẹ̀ lè kọ ọ́ pé ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ kú. Èmi ni mo fúnra mi so ó pọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ẹ ń wá. ₦200,000 lẹ dá, ẹ̀yin mẹ́fà. Ẹ to orúkọ àti iye tí oníkálukú mú wá síbi tí ẹni tí ẹ ń ṣàánú ti ń kà á. Owó bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, omi tí wọ́n ń fà síni lára, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Owó yín lè má tó ọjọ́ mẹ́rin. Erùpẹ̀ sàréè ò tíì gbẹ tí akápò yín fi ní kó mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì! Ojú ò ti yín?

Irú lẹ́tà yìí pọ̀ lọ́wọ́ mi, látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan náà, ará àdúgbò. Wọ́n á fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́, wọ́n á fowó ránṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà ọlọ́fọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má dáwó. Àmọ́ ta ló lọ nínú yín? O ò sọ, mo sì fura pé kò sẹ́ni tó lọ. Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ẹ rí ẹni tí yóò fò kọjá òkun wá sí Ẹdẹ, ẹ ò rí ẹni tí yóò wọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹsẹ Bíbélì tí gbogbo ọmọ R.A. mọ̀ sórí, "àwa ni ikọ̀ fún Kristi", Kọ́ríńtì Kejì 5:20, ṣé ẹ máa ń kà á parí? Ìlàjà ló fi parí. Ibi oyè lẹ̀yin dúró sí.

Ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ìgbìmọ̀ ìwádìí o. Ìwọ àti akápò ni. Akápò ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má dárúkọ Ẹdẹ títí yóò fi sọ ti ìyàwó rẹ̀ tẹ́rùn, bó bá fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ti dárí jì í. Kò ṣẹ̀ yín. Bó bá ní òun ò bá yín lọ, ẹ má rojọ́. Ẹ tún padà lọ kí i nígbà tẹ́ ẹ bá ti Ẹdẹ dé.